Wíwú ara, kòkòrò inú egbò, àti oògùn tí wọ́n ń wá lára amínò ásíìdì

Ní ilẹ̀ Òkun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ẹ̀gbẹ́ dé Kàbà, láti Ìsánlú dé Ìyàrá, ohun kan náà la máa ń ṣe bí ara bá wú. Ẹsẹ̀ wú, Ampiclox. Eyín ń dunni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, Ampiclox. Ọkọ́ gé ọmọ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè, wọ́n á tú kápúsù, wọ́n á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, wọ́n á fi àkísà dì í. Bó bá di alẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ro ó, wọ́n á fún un ní oògùn ara ríro lé e. Oògùn méjì ni wọ́n lò yẹn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni kálukú wọn ń ṣe: ọ̀kan wà fún kòkòrò, èkejì wà fún wíwú àti ìrora. Ṣùgbọ́n lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wa, wíwú ni kòkòrò, kòkòrò náà ni wíwú, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi tó kọ lásìkò yìí ni pé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì àti onímọ̀ oògùn, títí kan àwọn tó wà ní Nàìjíríà níbí, ń wá oògùn kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀: kó mú wíwú rọlẹ̀, kó sì pa kòkòrò. Ara amínò ásíìdì ni wọ́n ti ń wá a. Amínò ásíìdì ni àwọn èròjà kéékèèké tí ẹ̀wà, ẹran, ẹja àti ẹyin máa ń tú sí lẹ́yìn tí inú bá ti lọ̀ wọ́n tán, 20 sì ni irú èyí tí ara ń tò pọ̀ láti fi ṣe purotéènì. Àwọn onímọ̀ ń mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ń yọ nǹkan díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tàbí kí wọ́n so nǹkan mìíràn mọ́ ọn, títí yóò fi di ohun tuntun tó ní agbára tí ti àkọ́kọ́ kò ní.

Irú ìròyìn yìí kì í pẹ́ dé orí WhatsApp, kì í sì í dé ní odindi. Ní ọjọ́ ọjà kan ní Kàbà, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, eéwo ti yọ sí i ní abíyá, kò lè sọ apá rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

"Òkun o, màmá. Ẹ bá mi wo Astymin."

"Òkun, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n ní amínò ásíìdì ló wà nínú rẹ̀, pé ó ń gbẹ ọyún."

Ìyá náà wo abíyá rẹ̀, ó sì sọ fún un pé kó lọ sí ọsibítù kí wọ́n bá a tú ọyún náà, pé kò sí ohun tí òun máa tà fún un lórí káńtà tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Orí mi wú. Òótọ́ ni pé amínò ásíìdì wà nínú Astymin, ẹni tí kò jẹun dáadáa tàbí tí àìsàn ti gbé dùbúlẹ̀ pẹ́ sì lè rí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n amínò ásíìdì tó wà nínú oúnjẹ tàbí nínú kápúsù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn onímọ̀ ti tún ṣe ní yàrá ìwádìí. Bí inú bá ti gba ti Astymin, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ara á sì lò ó bó ṣe ń lo ti ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo wíwú fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan kóró kajú tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí èèpo kóró náà bá gbóná, epo dúdú inú rẹ̀ á ta sí ọwọ́ tàbí ojú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á máa ro, á sì lé ròrò. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Epo kajú ló bá awọ ara jà, ara sì dá a lóhùn. Pípọ́n, gbígbóná, wíwú àti ríro: àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ni Celsus, ará Róòmù kan tó kọ̀wé lórí ìṣègùn ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, kà sílẹ̀, wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní i títí dòní. Ẹni tó bá lo Ampiclox sí irú wíwú yìí náwó sófo. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun rẹ̀ tún wá mọ oògùn náà, wọ́n á sì kọ́ bí wọ́n ṣe máa yè é.

Bí awọ ara bá ya tàbí tó bá jóná, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí á tú histamine sílẹ̀. Histamine á mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbẹ̀, ibẹ̀ á pọ́n, á sì gbóná. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò wọ inú ẹran ara, ìyẹn ni wíwú. Láàárín wákàtí díẹ̀, ara á tún ṣe prostaglandin, òun ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ máa ro ẹni bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Aspirin, ibuprofen, diclofenac, àti Feldene tí àwọn àgbẹ̀ wa máa ń lò lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ebè, prostaglandin yìí ni gbogbo wọn ń dí lọ́nà. John Vane, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fi bí aspirin ṣe ń ṣe é hàn ní 1971, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982.

Histamine yìí gan-an, ara amínò ásíìdì ló ti wá. Histidine ni ara yọ nǹkan díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tó fi di histamine. Serotonin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wíwú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára eku, ọmọ tryptophan ni. Nitric oxide náà tó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣí, arginine ni ara fi ń ṣe é. Ara wa kò dúró de yàrá ìwádìí kankan kó tó máa tún amínò ásíìdì ṣe. Ó fi ń dá wíwú sílẹ̀, ó sì tún ń fi ń pa á. Ọ̀nà tó ń gbà pa á ni àwọn onímọ̀ lọ wò fínnífínní, ibẹ̀ ló sì dùn jù fún mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní neutrophil. Òun ló máa ń ṣáájú dé ojú egbò, láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á sì pọ̀ lọ súà. Wọ́n á gbé kòkòrò mì. Inú wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń pa á, ohun tí wọ́n sì fi ń pa á ni hypochlorous acid, èròjà kan náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú Hypo tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Kì í ṣe àfiwé ni mo ń ṣe o, èròjà náà gan-an ni, ara wa ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti ara iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí neutrophil fi ń ṣe é ní àwọ̀ ewé, ìdí nìyẹn tí ọyún tó ki fi máa ń hàn bí àwọ̀ ewé díẹ̀ bí ẹ bá gbé owú tí ẹ fi nù ún sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Òkú neutrophil ló pọ̀ nínú ọyún yẹn.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé hypochlorous acid kì í ya kòkòrò sọ́tọ̀. Bó bá dà síta, ẹran ara wa náà ló ń jẹ. Taurine ló ń gbà wá níbẹ̀. Ní 1827, àwọn ará Jámánì méjì, Tiedemann àti Gmelin, rí taurine nínú òróòro màlúù. Ara wa máa ń ti ara cysteine ṣe é, a sì tún ń rí i jẹ nínú ẹran àti ẹja. Ó kún inú neutrophil gan-an, ó pọ̀ níbẹ̀ ju amínò ásíìdì èyíkéyìí lọ. Bí hypochlorous acid bá ti ń pọ̀ jù, taurine á so mọ́ ọn, méjèèjì á di ohun kan tí wọ́n ń pè ní taurine chloramine. Ohun tuntun yìí rọ̀. Kò jẹ ẹran ara tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. Ó ṣì ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, bó bá wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láyìíká, ó ń dín prostaglandin, nitric oxide àti àwọn èròjà mìíràn tó ń ko iná mọ́ wíwú kù. Ìyẹn ni pé ohun tó pa kòkòrò ló tún ń sọ fún ara pé ìjà ti tó.

Ní Kraków, ní Pólándì, Janusz Marcinkiewicz àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìhà yìí. Ní Innsbruck, ní Ọ́síríà, Waldemar Gottardi àti Markus Nagl lọ síwájú sí i: wọ́n ṣe taurine chloramine ní gbígbẹ bí iyọ̀, wọ́n ń pò ó mọ́ omi kó jẹ́ ìdá 1 nínú 100, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn, sí ojú tó pọ́n nítorí kòkòrò, sí ihò etí tó wú, sí egbò ẹsẹ̀ tó ń ṣọyún. Ara gbà á láìsí wàhálà púpọ̀. Àǹfààní kan tó tún ní ni pé ó ṣòro fún kòkòrò láti kọ́ bí yóò ṣe yè é, nítorí ojú ibi púpọ̀ ló ń gbà kọlu kòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí Ampiclox ń gba ojú ibi kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí mo fi ka iṣẹ́ méjì nínú oògùn kan sí nǹkan ńlá? Nítorí ohun tí mo ń rí láyìíká wa ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kòkòrò sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, bó bá lọ ra oògùn ara ríro nìkan, wíwú náà á rọlẹ̀, ibà á lọ, yóò padà sóko. Kòkòrò náà kò tíì lọ ibì kankan. Ti prednisolone àti dexamethasone, àwọn oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń kó mọ́ oògùn àpòpọ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n máa ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbógun ti kòkòrò lọ́wọ́ kọ́. Ara á tu ẹni náà fún ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wá bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ní ìdàkejì, oògùn apakòkòrò nìkan lè pa kòkòrò tán kí wíwú ṣì máa ba oríkèé tàbí etí jẹ́. Oògùn kan tó ń mú wíwú kúrò láì fi kòkòrò sílẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìtànjẹ yìí.

Amínò ásíìdì kì í ṣe àlejò nínú oògùn o. Penicillin tí Alexander Fleming rí ní 1928, cysteine àti valine wà lára ohun tí olú tó ń ṣe é fi ń hun ún. Ampicillin àti cloxacillin tó wà nínú Ampiclox, ìdílé penicillin ni wọ́n. Cycloserine tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn kò ràn mọ́, ó jọ alanine débi pé kòkòrò máa ń gbé e bí ẹni pé alanine ni, kò sì ní rí ògiri ara rẹ̀ mọ mọ́. Wọ́n tún ti so ibuprofen, ketoprofen àti aspirin mọ́ lysine kí wọ́n lè tètè yọ́. Àwọn mìíràn ń fi amínò ásíìdì bo ibi tó le lára irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà máa dá ọgbẹ́ sí inú ikùn, èyí sì kan àwọn àgbẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ẹni tó ń lo Feldene lójoojúmọ́ lórí òfìfo inú ń wá ọgbẹ́ inú fún ara rẹ̀.

Ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti so amínò ásíìdì mọ́ sulphonamide, ìdílé oògùn apakòkòrò tí Gerhard Domagk, ará Jámánì, gbé síta ní 1935. Bí ẹ bá ka irú ìwádìí báyìí, ohun méjì lẹ máa bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti eku: wọ́n á gún carrageenan, èròjà kan tó ń ti inú ewéko òkun pupa wá, sí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ eku, ìwọ̀nba tí kò ju ẹ̀kán omi díẹ̀ lọ. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún, ẹsẹ̀ náà á wú dé góńgó. Wọ́n á máa ti ẹsẹ̀ náà bọ omi láti mọ bó ṣe tóbi tó, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ eku tó gba oògùn wé ti èyí tí kò gbà. Láti 1962 ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà yìí. Èkejì ni ti àwo: wọ́n á gbin kòkòrò bíi Staphylococcus aureus tó ń fa eéwo, tàbí E. coli, sínú àwo, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sí i, wọ́n á da èròjà tuntun náà sínú ihò yẹn, wọ́n á wá fi rúlà wọn ibi tí kòkòrò kò ti lè hù ní àyíká rẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣe sùúrù nìyí. Ohun tó mú ẹsẹ̀ eku rọlẹ̀ tó sì pa kòkòrò nínú àwo kò tíì di oògùn. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá yóò ba kíndìnrín jẹ́, bóyá ẹ̀dọ̀ yóò ti fọ́ ọ kó tó dé ojú egbò, bóyá ìwọ̀n tó pa kòkòrò ni yóò pa aláìsàn. Púpọ̀ nínú èròjà tí ìwádìí báyìí ń gbé jáde ń kú sójú ọ̀nà, kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ kò gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò lè dúró, nítorí oògùn tó wà nílẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ló kú lágbàáyé ní tààrà nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́, nǹkan bí 64,500 nínú wọn sì jẹ́ ará Nàìjíríà. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ikú bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù bí wọ́n bá wò ó pẹ̀lú iye ènìyàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tún sọ ní 2025 pé nínú àrùn kòkòrò mẹ́fà tí yàrá àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2023, ọ̀kan ni oògùn tí a mọ̀ kò ràn. Ní August 2023 ẹ̀wẹ̀, iléeṣẹ́ oògùn GSK kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, iye tí wọ́n ń ta Augmentin àti Ampiclox sì fò sókè. Mo rí ohun tí ìyẹn ṣe ní ìlú wa: ẹni tó ń ra odindi páálí tẹ́lẹ̀ wá ń ra kápúsù mẹ́ta, ó ń lò ó títí ara yóò fi fúyẹ́, ó dúró. Kòkòrò tó bá ye kápúsù mẹ́ta náà kò jẹ́ kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ràn án mọ́.

Ti ibi tí a wà yìí tún ní ìṣòro tirẹ̀. Omi taurine chloramine ti Innsbruck yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára rẹ̀ á máa lọ. Ẹ rò ó wò nínú ooru March, ní abúlé kan ní Bùnú tí iná kì í dúró. Bí oògùn náà bá tilẹ̀ gba gbogbo ìdánwò kọjá, kò ní wúlò fún wa àyàfi bí wọ́n bá ń tà á ní gbígbẹ, kí nọ́ọ̀sì máa pò ó lójú ẹsẹ̀. Ó wù mí kí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti máa wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń ka kẹ́mísírì àti báyókẹ́mísírì ní Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́ja. Ẹni tó mọ bí ilé ìwòsàn abúlé ṣe rí ló máa rántí béèrè nípa fìríìjì kí iṣẹ́ tó jìnnà.

Ní báyìí ná, ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò kéré. Egbò tuntun, omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí iyẹ̀pẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Ẹ má tú kápúsù sí i: ìyẹ̀fun yẹn kì í dé ibi tí kòkòrò wà, ńṣe ló máa ń dì pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, tí egbò á sì máa rà lábẹ́ rẹ̀. Bí epo kajú bá ta sí yín lára, ẹ tètè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má wá oògùn apakòkòrò. Taurine inú energy drink inú agolo tí àwọn ọlọ́kadà ń mu kò wo egbò kankan.

Ẹ má dúró nílé bí pípọ́n náà bá ń tàn kálẹ̀ tàbí tó ń fa ìlà pupa lọ sókè, bí ibà bá dé, bí wíwú bá wà lójú tàbí nítòsí ojú, bí aláìsàn kò bá lè ya ẹnu, tàbí bó bá jẹ́ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Eéwo tó ti ki, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ló ń fẹ́. Bí dókítà bá sì kọ oògùn ọjọ́ méje, ọjọ́ méje ni kẹ́ ẹ lò ó. Ti ìṣó àti ti ọkọ́ tún yàtọ̀. Ojú ibi tí kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì gbà wọlé lè jiná, kó má wú, kó má ṣọyún, títí ọjọ́ tí àgbọ̀n aláìsàn yóò fi há, nítorí náà abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de àmì kankan.